Orúkọ Tí Ajá Dáhùn

Ọkọ mi kì í pe Adabraka, àdúgbò tí a ń gbé ní Accra, ní ilé. Bí ó bá ti lanu sọ pé "ilé", Ọ̀fà ló ń wí. Yàrá tí à ń sùn, àgbàlá tí aṣọ wa ń gbẹ, ìdáná tí mo ti ń se ọbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń pè ní "ibi tí a wà". Bí a bá jọ jáde tí mo ní ká máa lọ sílé, á dúró sójú títì, á ní, "Sí ibi tí a wà, àbí?" Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. N kò mọ̀ pé nínú àwa mẹ́ta tí a wà nínú yàrá náà, ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ di onílẹ̀ ní Accra.

Èmi àti ọmọ la jọ lọ bá a. Ó ti ṣáájú wa lọ, ó sì ti rí àyè lọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa tí wọ́n ń rọ ọbẹ àti àdògán lẹ́bàá títì. Ọmọ náà ti ń rìn tàgétàgé. Málọmọ́ ni orúkọ rẹ̀. Àwọn méjì ti wá, wọ́n ti padà, kí ó tó dé, ìyá mi ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kí ó jókòó tì wá.

Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo ra kẹ́ńkè, mo tú ewé rẹ̀, mo tọ́ ọ wò, ó kan. Mo gbé e padà tọ obìnrin tó tà á fún mi lọ pé ẹ̀kọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Obìnrin náà pe gbogbo àdúgbò kí wọ́n wá wo Alata tó ń ráhùn pé kẹ́ńkè ti kan. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Naa Dede, ọmọ Gã tó ni ilé tí a ń gbé, tó gbọ́ Yorùbá ọjà dáadáa, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba kẹ́ńkè náà lọ́wọ́ mi, ó fi ẹja díndín jẹ ẹ́ níṣojú mi, ó ní, "Kíkan yẹn gan-an la fi ń jẹ ẹ́." Ọṣẹ dúdú ni mo ń tà ní ọjà Makola. Kí n tó dé ibẹ̀ rárá ni wọ́n ti ń fi orúkọ wa pè é, "alata samina". Ọṣẹ wa ti di ọmọ ìlú, àwa tó gbé e wá ló kù.

Ibà ló mú ọmọ náà ní àsìkò ọyẹ́. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ṣe gbogbo èyí tí agbára wọn ká, ṣùgbọ́n ó lọ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn ènìyàn ń jẹun. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Bàbá Olówú, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn alágbẹ̀dẹ wa, ló gbé e mọ́ àyà jáde, òun pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò wo ojú mi. Naa Dede dì mí mú láti ẹ̀yìn, ó ń wí pé, "Kaafo, kaafo," bí àwọn Gã ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún. N kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí di òní. Nítorí náà, kò sí ibi tí mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ní Accra tí ọkàn mi kò ní sọ fún mi pé kí n rọra.

Ohun kan tún wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọjà ló ti ń pè mí ní Ìyá Málọmọ́, Bàbá Málọmọ́ sì ni ọkọ mi. Nígbà tí ọmọ lọ, orúkọ bọ́ lára wa. Àwọn obìnrin á pè mí, "Ìyá...", wọ́n á wá wúkọ́. Ẹlòmíràn á kàn na ọwọ́ sí ọṣẹ. Ní Ọ̀fà, wọn ì bá wá orúkọ mìíràn fún mi, wọn ì bá pè mí ní ọmọ baba mi, tàbí kí wọ́n kì mí ní oríkì. Ní Makola, ta ló mọ baba mi? Mo wà láàyè, mò ń jẹ, mò ń tà, n kò sì ní ohun tí wọ́n ó máa pè mí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọjọ́ kan ni ọkọ mi fi agbọ̀n gbé ọmọ ajá kan wọlé, pupa, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ funfun.

"Ajá Ògún ni," ó wí. "Èmi ló kàn lọ́dún yìí."

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa máa ń bọ Ògún lẹ́yìn iṣu tuntun, wọ́n sì ń gba ajá náà tọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ síwájú owú, irin ńlá tí wọ́n ń rọ nǹkan lé lórí, wọ́n á fi í han Ògún, lẹ́yìn náà kò ṣe é pààrọ̀ mọ́. Ẹni tó kàn á bọ́ ọ títí ọjọ́ á fi pé. Kò sì sí ẹni tó ń sọ irú ajá bẹ́ẹ̀ lórúkọ, nítorí ọwọ́ kì í yá láti pa ohun tó bá ń jẹ́ ènìyàn. Mo ní ó dáa, kí ó gbé e sí ẹ̀yìn ìkòkò omi. N kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mò ń ká ọ̀já tí mo fi ń pọn ọmọ. Mo ká a, mo tú u, mo tún ká a. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi sọ ọ́. Mo ní, "Málọmọ́." Ọmọ ajá náà jáde láti ẹ̀yìn ìkòkò, ó rìn tàgétàgé wá, ó jókòó síwájú mi, ó ń wò mí. Mo tún pè é. Ìrù rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo pe orúkọ, òun ló dáhùn.

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, èédú ṣì wà lápá rẹ̀. Ó ti gbọ́. Ó yí padà, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, "ajá yẹn" ló ń pè é. Bí mo bá ti pe orúkọ, á wá nǹkan ṣe níta.

Mo tọ́ ajá náà bí ẹni tó ń tọ́jú ẹyin. Mò ń já eégbọn etí rẹ̀ láràárọ̀. Mò ń fi ọṣẹ dúdú ti ara mi wẹ̀ ẹ́, èyí tó dára jù tí n kì í tà láwìn. Naa Dede kọ́ mi pé kí n má fún un ní egungun adìẹ, pé ó máa ń fọ́ sóńṣó sóńṣó, ó sì máa ń gún ìfun. Nígbà tí èélá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, òun náà ló mú wa lọ sí etí òkun, tí a fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ títí awọ rẹ̀ fi jinná. Kẹ́ńkè àti orí ẹja ló ń jẹ. Òun kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó kan.

Àwọn obìnrin ọjà wá rí ohun tí wọ́n ó máa pè mí. Wọ́n ní, "Ìyá Ajá, báwo lọmọ?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó sàn ju ikọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti kúrò lójú pákó ẹnu ọ̀nà wa, ajá náà á dìde níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Á wo ẹnu ọ̀nà. Á máa ju ìrù. Á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí a ṣe ń sún fún ẹni tó fẹ́ wọlé, ojú rẹ̀ á wá máa tẹ̀lé nǹkan kan díẹ̀díẹ̀, ní ìsàlẹ̀, títí dé igun tí ẹní ọmọ wà tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ló tó padà dùbúlẹ̀. Nílé, wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá fi ipin ojú ajá sí ojú ara rẹ̀ á rí ohun tí ajá ń rí. Èmi sì ni mò ń nu ojú rẹ̀ láràárọ̀. Àìmọye ìgbà ni ipin náà wà lórí ìka mi tí mò ń wò ó, tí ìka mi sì ti ń súnmọ́ ojú. Mo máa ń fi omi ṣan án nù. Bí mo bá rí i, ṣé mo lè gbé e ni? Títí di òní, ní Madina, lẹ́bàá Accra, tí mò ń gbé, n kì í ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ akọ̀wé ní réluwéè Ìbàdàn, fóònù sì wà ní ọ́fíìsì wọn. A fi iṣẹ́ rán ẹni tó ń lọ sílé pé kí ìyá mi wá dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a dá. Mo so ajá mọ́ irin ẹnu ọ̀nà pósọ́fíìsì, mo wọlé lọ. Nígbà tí ohùn ìyá mi dé, ó jìnnà bí ẹni tó wà nínú kànga.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ní kí n kí yín."

Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ó gbó, ó gbó, n kò gbọ́ ohun tí ìyá mi ń sọ mọ́. Mo yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, mo kígbe pé, "Málọmọ́, dákẹ́! Mò ń bọ̀ wá gbé ọ."

Fóònù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo rò pé ó ti já.

"Ta lo pè?" Ìyá mi ló sọ̀rọ̀.

"Ajá ni, Màámi."

"Ta lo pè, ọmọ mi?" Ó ti ń sunkún. "Bí ó bá wà lọ́dọ̀ rẹ, jẹ́ kí ó máa lọ. Jẹ́ kí ó sinmi. Mo bẹ̀ ọ́."

Nígbà náà ló já ní tòótọ́. Mo jáde, mo tú ajá, mo jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pósọ́fíìsì níṣojú gbogbo ènìyàn, mo sì sun ẹkún tó wà nínú mi láti ọjọ́ tí wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọdún yẹn ni ilẹ̀ náà gba òmìnira, tó di Ghana. Odindi ìlú pààrọ̀ orúkọ, kò sí ẹni tó bínú, ajá kan ṣoṣo ni ìyá mi ní kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ tó dáhùn sí. Lọ́jọ́ náà, láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń yìnbọn ìyẹ́sí, tí mọ́tò ń fun fèrè, tí wọ́n ń lu agolo àti ìkòkò. Naa Dede wọ aṣọ tuntun, ó ń sunkún ayọ̀. Ìbọn kejì ló bú bí ààrá. Ajá fa okùn já, ó fò kọjá lórí ògiri àgbàlá, a kò rí i mọ́.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Títì kún. Àwọn ènìyàn ń ké "Freedom!", wọ́n ń gbé ara wọn lé èjìká, èmi ń gba àárín wọn kọjá, mò ń ké "Málọmọ́! Málọmọ́!" Wọ́n rò pé èmi náà ń yọ̀ ní èdè tèmi. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó fi àsíá kékeré lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Alata, ẹ kú oríire!" N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ nù. Mo gbé àsíá náà kiri dé Makola, gbogbo ìsọ̀ tì, mo wo abẹ́ pákó kọ̀ọ̀kan. Mò ń ké sí ọmọ pé kí ó má lọ mọ́, ní ìlú tí gbogbo ẹlòmíràn ti ń kí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé káàbọ̀. N kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí mo wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ padà dé, ajá náà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo igun yàrá, ìrù rẹ̀ ń jù díẹ̀díẹ̀. Mo pè é, ó yí padà. Etí rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ajá mìíràn ti bù ú jẹ.

Naa Dede dúró lókèèrè. "Má fọwọ́ kàn án," ó wí. "Ajá aṣiwèrè kan ń jà káàkiri lẹ́yìn ọjà. Bí òun ló bù ú jẹ, ó parí."

Dìgbòlugi ló ń wí. Nílé, mo ti rí ọkùnrin kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, tí wọ́n bu omi fún, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n gbé iná fún. Mo fi àpò ọṣẹ wé ọwọ́ mi, mo so ajá náà lókùn, mo sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ti ìjọba. Ọkùnrin náà fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ pẹ́ títí, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó so irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ okùn ọrùn rẹ̀, kí àwọn tó ń yìnbọn pa ajá ìgboro lè mọ̀ pé ó ní olówó.

"Abẹ́rẹ́ yìí kò fi gbogbo ara dá mi lójú," ó wí. "Fi ẹ̀wọ̀n dè é, má lo okùn. Kí ó dá wà. Máa bu omi fún un láràárọ̀, kí o máa wò ó. Bí ó bá sá fún omi, tàbí tí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀, má súnmọ́ ọn. Wá pè mí. Oṣù mélòó kan ni kí o fi ṣọ́ ọ."

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n mú ajá náà wá sí ibi iṣẹ́ òun. Ó ti rọ ẹ̀wọ̀n, ó sì ti rọ òrùka irin tí yóò yí ọrùn ká, ó fẹ̀ dáadáa kó má bàa fún un. Ó tú irin ìjọba náà kúrò lára okùn, ó ki í bọ̀ ọ́. Ó fi àpò di ẹnu ajá, èmi di orí rẹ̀ mú lórí owú, ó fi òòlù kan ìṣó irin mọ́ ojú òrùka náà títí ó fi pẹlẹbẹ níhà méjèèjì.

"Kò ní ìkọ́?" mo bi í. "Báwo la ó ṣe máa ṣí i?"

"Ohun tí a bá lè ṣí, ẹlòmíràn náà á lè ṣí i," ó wí, ó sì padà sídìí ẹwìrì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi. Láràárọ̀, n kì í fọ ẹnu kí n tó bu omi sínú abọ́, tí mo fi igi tì í síwájú rẹ̀. Á wo omi. Á wò mí. Ìgbà mìíràn á pẹ́ kí ó tó tẹ orí. Bí ahọ́n rẹ̀ bá ti kan omi, mo máa ń jókòó sílẹ̀ ni. Nírọ̀lẹ́, á ṣì dìde, á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin ọrùn rẹ̀ á dún ṣín-in. Mo ti mọ ìgbà tí ẹni náà ń wọlé nípa ìró irin. Mo máa ń sọ jẹ́jẹ́ sí igun náà pé, "Bí ìwọ lo fẹ́ mú un lọ, dákun, fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó mu omi lójoojúmọ́ títí oṣù tí dókítà dá fi kọjá. Ọgbẹ́ etí jinná. Ó sanra, irun rẹ̀ ń dán. Àárọ̀ tó yẹ kí n máa jó, iṣu tuntun ti dé ọjà. Mo kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi.

"A ti fi í han Ògún," ó wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. "N ò lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni nídìí owú lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n ó wò."

Lọ́jọ́ náà, ó fa ajá lọ. Obìnrin kì í súnmọ́ ibẹ̀, nítorí náà mo dúró sí òdìkejì títì. Títì náà kò fẹ̀, mò ń gbọ́ wọn. Naa Dede di apá mi mú. Ajá náà rí mi, ó ń ju ìrù. Ọ̀dọ́ alágbẹ̀dẹ kan ti mú àdá dání.

Bàbá Olówú ni wọ́n gbé ajá síwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ yí òrùka irin náà ká.

"Ta ló rọ èyí?"

"Èmi ni, Bàbá," ọkọ mi wí.

"Lórí owú wo?"

"Lórí owú tó wà níwájú yín yìí."

"Níbo ni wọ́n ti ń ṣí i?"

"Kò níbi tí wọ́n ti ń ṣí i, Bàbá."

Bàbá arúgbó náà wo ojú ọkọ mi. Lẹ́yìn náà ó nàró.

"Ọ̀rọ̀ ti tán," ó wí fún àwọn yòókù. "Ògún ti gba ajá yìí láàyè. Irin ara rẹ̀ ló fi dè é lọ́rùn. Ta ni nínú yín tó fẹ́ gé irin Ògún kúrò lọ́rùn ohun tí Ògún mú, kó tún wá fi ohun náà bọ Ògún? A kì í fún òrìṣà ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹni tó mú àdá dání ló kùn pé, "Ẹran tí a fẹ́ jẹ ńkọ́?"

"Ẹran tó kún fún abẹ́rẹ́ òyìnbó? Bí o bá fẹ́ jẹ òògùn, ọsibítù kò jìnnà. Ẹ mú àkùkọ wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Bàbá Olówú fi ẹ̀wọ̀n lé ọkọ mi lọ́wọ́, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Málọmọ́, mú ajá rẹ, kí o máa lọ."

Òun ló gbé ọmọ mi mọ́ àyà jáde. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún pe ọkọ mi bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí ọkọ mi yí ẹ̀wọ̀n náà mọ́ ọwọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo ajá náà.

"Málọmọ́," ó wí. "Ó yá. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Wọ́n sọdá títì, wọ́n kọjá níwájú mi. Ajá wà lápá ọ̀tún, ọkọ mi wà lápá òsì, ẹ̀wọ̀n rọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, àyè kan sì wà níbẹ̀ tó gba ọmọ tó ń rìn tàgétàgé. Ọkọ mi, tó máa ń sáré rìn, rọra ń gbé ẹsẹ̀. Ajá náà ń bojú wo àyè náà, ìrù rẹ̀ ń jù. Mo lè sáré bá wọn kí n bọ́ sí àárín. N kò bọ́ síbẹ̀. Mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn títí a fi dé ilé.